Ẹja tí Mo Sá sí Gáráàjì Hẹ́nrí

Ohun tó kọ́kọ́ tì mí lójú nílùú òyìnbó kì í ṣe èdè, kì í sì í ṣe òtútù. Orúkọ ni. Ọkùnrin kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń nulẹ̀, òun ló ń tún iná àti ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe. Orí rẹ̀ ti funfun, ó dàgbà ju bàbá mi lọ, ó sì ní kí n máa pe òun ní Hẹ́nrí. Hẹ́nrí lásán báyìí, láìsí bàbá, láìsí ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Hẹ́nrí." Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo fi ń sá fún un lẹ́yìn ìyẹn. Tí mo bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, màá yà wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, màá máa nu ibi tí mo ti nù tẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìtìjú mi pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Láti ilé ni mo ti gbé e wá. Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí, létí òkun, níbi tí ọmọkùnrin ti ń bá bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ láti kékeré. Èmi, bí ọkọ̀ bá ti kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ojú mi á máa pòòyì, gbogbo ohun tí mo jẹ á padà wá sẹ́nu. Bàbá mi gbìyànjú títí ó fi sú u. Ó fi mí sílẹ̀ fún ìyá mi, ìyá mi sì fi mí sídìí ẹja. Ní ọ̀dọ̀ wa, àwọn obìnrin ló ń yan ẹja. Èmi nìkan ni ọmọkùnrin tó ń jókòó láàárín wọn, tí ń to ẹja ṣáwá sórí wáyà, tí ń yí i padà, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n nítorí èéfín. Àwọn ẹgbẹ́ mi sọ mí ní Ìyá Ẹlẹ́ja. Wọ́n á ti inú ọkọ̀ kígbe rẹ̀ sí mi, gbogbo èbúté á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ó dun ìyá mi ju bó ti dùn mí lọ. Òun ló ta kú pé àfi kí n kàwé, òun ló ní ọmọ òun kò ní fi èéfín darúgbó. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó dì mọ́ mi, ó sì sọ sí mi létí pé, "Ọma mi, ibi tí wo ń lọ yìí, má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ pé o tún fọwọ́ kan ẹja." A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe.

Bí mo ṣe rìn débẹ̀ kò ní ìtàn kan pàtó, ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà ni mo gbà. Èyí tó lágbára ni ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. N ó jí, n ó nulẹ̀, n ó padà sí yàrá, n ó jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Odidi ọjọ́ Àìkú lè kọjá láìjẹ́ pé ẹnì kan gbọ́ ohùn mi. Nígbà míì mo máa ń wọ ilé ìtajà, màá béèrè ohun tí mo mọ̀ pé wọn kò ní, nítorí àtisọ̀rọ̀ lásán.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìyá mi máa ń pè mí. Iná ìjọba kò sí lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù kan tó ní jẹnẹrétọ̀ ló ti ń ṣájì fóònù tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Á jókòó tì í títí yóò fi kún, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti pè mí, níwájú gbogbo àwọn tó wá ṣájì tiwọn.

"Ẹ gbọ́ ohùn ọma mi o! Òun náà rè é. Báwo ni uṣẹ́ kọ̀ǹpútà?"

"Ó ń lọ dáadáa, Ìyá."

Inú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ìnulẹ̀ sí ni mo máa ń dúró sí dá a lóhùn, láàárín bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ọṣẹ. Èmi kọ́ ni mo sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi. Òun ló sọ ọ́ fún ara rẹ̀, tó sì sọ ọ́ fún gbogbo Ayétòrò, tó tún sọ ọ́ fún àwọn ẹbí wa ní Ugbonla. Ojú tì mí láti gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Bọ̀dá Ṣínà ló yọ mí nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ará Ìjẹ̀bú ni, ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó ń wa bọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó ń bá ẹnì kan jà lórí fóònù ní Yorùbá, mo sì sáré tẹ̀ lé e bí ẹni tó rí ẹbí. Nígbà tó gbọ́ pé Ìlàjẹ ni mí, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé orí omi! Ẹ̀yin náà tún ń sá fún òtútù?" Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní àbúrò. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan ó ní, "Dìde, àbúrò, jẹ́ kí n mú ẹ lọ wo àwọn wèrè kan." Ẹnu ọ̀nà ilé tó mú mi lọ, ta ni ì bá ṣílẹ̀kùn bí kò ṣe Hẹ́nrí.

Gáráàjì Hẹ́nrí gbóná bí ìgbà tí mo wà nílé. Orí pẹpẹ ni àwọn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan tò sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju páálí bàtà lọ, fáànù níwájú, fáànù lẹ́yìn, ariwo wọn bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí ń bọ̀ tí kò sì dé. Hẹ́nrí fi pákó ṣe ihò ńlá kan tó ń kó atẹ́gùn gbígbóná wọn gba ara ògiri jáde. Bítíkọ́ìn ni wọ́n fi ń wa, bí ẹni ń wa wúrà. Nígbà yẹn, tó o bá dárúkọ rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á bi ẹ́ bóyá ara rẹ yá.

Hẹ́nrí jókòó, ó ṣàlàyé fún mi. Owó kan ni tí kò ní bébà, tí kò ní báńkì, àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ń ṣọ́ ọ. Ìṣirò kan máa ń wà nílẹ̀, ẹ̀rọ tó bá kọ́kọ́ rí ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n ń fún ní kọ́ìn tuntun. Ẹ̀rọ kékeré kò lè dá a rí, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń kó ẹ̀rọ wọn pọ̀, tí wọ́n sì ń pín ohun tó bá wọlé bí agbára kálukú bá ti mọ.

Mo ní, "Bí a ṣe ń pín ẹja nìyẹn." Wọ́n yíjú sí mi. Mo sọ fún wọn pé tí ọkọ̀ bá ti òkun dé nílé wa, ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì ní ìpín tirẹ̀, ẹni tó ni àwọ̀n ní tirẹ̀, àwọn tó wọkọ̀ ní tiwọn, epo tí wọ́n jó sì ti kúrò ńbẹ̀ kí wọ́n tó pín ohunkóhun. Inú Hẹ́nrí dùn kọjá àlà. Láti ìgbà náà, gbogbo àlejò tó bá wọ gáráàjì ni yóò pè mí fún pé, "Wá sọ ti ẹja yẹn fún un." N ó sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ara mi á sì máa gbóná. Kò ní in lọ́kàn láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo torí rẹ̀ sá kúrò nílé ni mo wá ń sọ bí ìtàn àlọ́ fún àwọn tó wọ bàtà olówó iyebíye.

Mo ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ síbẹ̀. Mo fẹ́ràn àríyànjiyàn wọn. Bọ̀dá Ṣínà kò lè fi kọ́ìn sílẹ̀ kó sinmi, òwúrọ̀ ni yóò rà, ìrọ̀lẹ́ ni yóò tà.

"Ó ti já wálẹ̀ o! Ẹ jẹ́ ká tà kó tó di òfo," ni yóò wí, tí yóò na fóònù sí wa.

Hẹ́nrí á ní, "Èmi ò tà."

"Ìgbà wo lẹ wá fẹ́ tà?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ó dájú pé kì í ṣe ọjọ́ tí ìwọ bá ń sáré."

Ibi tí Bọ̀dá Ṣínà bá ti tà á báyìí, ibẹ̀ ni iye rẹ̀ ti máa ń gbéra. Á di orí mú, á ní wọ́n ń ṣọ́ òun, pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń dúró dè é kó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rín gidi tí mo kọ́kọ́ rín nílùú yẹn, ibẹ̀ ni mo ti rín in. Nígbà tó yá, èmi náà ra ẹ̀rọ àlòkù kan lọ́wọ́ Hẹ́nrí, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Nítorí pé èmi ni mo ń gbá eruku kúrò lára gbogbo ẹ̀rọ náà, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kan. Orí mi wú lọ́jọ́ náà. Mo wá lè sọ fún ìyá mi, láìsí irọ́ níbẹ̀, pé mo ní kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́ fún mi.

Ó bi mí pé, "Kí ló ń ṣe fún ẹ?"

"Ó ń ṣírò, Ìyá. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣírò."

"Iná kì í lọ?"

"Kì í lọ."

"Kí wá ló ń ṣírò?"

Mo ní ìṣirò kan ni tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn díje. Ó ní, "Sọ fún un kó bá wa ṣírò ìgbà tí iná máa dé Ayétòrò." Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún wọ gáráàjì, tí mo rí gbogbo iná tí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ń jẹ, tí ooru wọn ń gba ara ògiri lọ sínú yìnyín lófo, mi ò lè wo wọ́n tààrà. Òkun ń jẹ ilé wa nílé, ìyá mi ti ṣí ibi ìyanja rẹ̀ sẹ́yìn léraléra, èmi sì wà níbi tí wọ́n ti ń da ooru nù.

Ooru tó ń ṣòfò yẹn ló kó bá mi. Ẹja gbígbẹ ń wù mí. Èyí tí wọ́n ń tà nílé ìtajà àwọn aláwọ̀ dúdú ń rùn bíi páálí. Nígbà tó di ìgbà òtútù, mo dúró níwájú ihò atẹ́gùn yẹn lọ́jọ́ kan, mo na ọwọ́ sí i, ọwọ́ mi sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe kí èmi tó mọ̀. Atẹ́gùn tó gbóná, tó gbẹ, tí kì í dáwọ́ dúró! Ìyá mi ì bá jó.

Mo ra ẹja, mo là á, mo fi iyọ̀ sí i, mo tò ó sórí wáyà tí mo gé, mo gbé e sẹ́nu ihò náà. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń gbé e síbẹ̀, màá kó o kúrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, màá ṣílẹ̀kùn kí òórùn lọ kí wọ́n tó dé ní Àbámẹ́ta. Hẹ́nrí fa imú lẹ́ẹ̀kan, ó ní bóyá ológbò àwọn aládùúgbò ni. Mo ní bóyá. Ẹja náà dára. Mo ń jẹ ẹ́ nínú yàrá mi pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, mi ò sì sọ fún ìyá mi. Nígbà tó bá bi mí ní ohun tí mo jẹ, màá ní adìyẹ.

Ní àsìkò yẹn ni bítíkọ́ìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Àwọn tó ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà wá ń béèrè ọ̀nà. Hẹ́nrí fẹ́ fi iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kó gba ilé ńlá kan níta ìlú, kó kó ẹ̀rọ tó pọ̀ síbẹ̀. Obìnrin olówó kan ló fẹ́ bá a dá a sílẹ̀. Hẹ́nrí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Tí ó bá gbà, ìwọ ni wàá máa tọ́jú ẹ̀rọ ibẹ̀. O mọ́ tónítóní, o ṣeé fọkàn tán." Mi ò ní nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Ohun tí ìyá mi ti ń sọ kiri yóò di òótọ́. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn débi pé mo ń bẹ̀rù láti dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà.

Lọ́sẹ̀ náà, ẹja pọ̀ lọ́jà, mo sì rà ju bí mo ti ń rà lọ. Wáyà kan kò gbà á. Mo to èkejì dí ìyókù ẹnu ihò náà pátá. Ẹni tó bá jẹ́ oníná gidi ì bá ti mọ̀ pé bí ooru kò bá rọ́nà lọ, orí ẹ̀rọ ló máa padà sí. Èmi, ẹja ni mo ń wò. Bí a ti ń ṣe nílé nìyẹn: èéfín kò gbọ́dọ̀ rí àyè sá.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Hẹ́nrí pè mí níbi iṣẹ́. Fóònù rẹ̀ ti fi hàn án pé gbogbo ẹ̀rọ ló ti kú lẹ́ẹ̀kan náà. Òun àti obìnrin náà ń bọ̀ wá wò ó, Bọ̀dá Ṣínà wà pẹ̀lú wọn, kí n máa bọ̀. Mo sá eré tí mi ò sá rí lórí yìnyín, bóyá n ó lè débẹ̀ ṣáájú. Ibi tí mo ti ń fa wáyà àkọ́kọ́ jáde ni wọ́n wọlé bá mi.

Òórùn náà gbà wọ́n lójú. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo imú, lẹ́yìn náà ló rọra gbé ọwọ́ náà kúrò, bí ẹni tó rántí pé kò yẹ. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Hẹ́nrí wo ẹja, ó wo ihò, ó wo àwọn ẹ̀rọ tó dákẹ́. Gáráàjì náà kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Mo ní, "Èmi ni." Kí ni mo tún fẹ́ sọ, tí òróró ẹja ń kán lọ́wọ́ mi?

Bọ̀dá Ṣínà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní Yorùbá pé, "Àbúrò, o pa wá." Ibẹ̀ ni fóònù mi dún. Ọjọ́ Ẹtì, ìyá mi. Mo fẹ́ pa á, ìka tó ń yọ̀ yẹn lọ tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé ìpè, èyí tó ń fi ojú hàn. Ojú ìyá mi yọ, ojú àwọn ará ṣọ́ọ̀bù yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí mi. Ó rí wáyà, ó rí ẹja. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kí lèyí, ọma mi?"

"Ẹja ni, Ìyá."

Mo rò pé yóò sunkún. Ó sún mọ́ fóònù rẹ̀, ó ní, "Àwọn wo ló dúró tì ẹ́ yẹn?"

"Àwọn ọ̀gá mi ni."

"Wọ́n bá ẹ nídìí ẹja?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ṣé o ti fún wọn?"

Nílé wa, ẹni tó bá bá ọ nídìí ẹja kò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo, ì báà jẹ́ ọ̀tá, ì báà jẹ́ ẹni tó wá bá ọ jà. Wàá yọ tirẹ̀ fún un kí o tó bi í ní ohun tó bá wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, mo ti ronú nípa ẹ̀rọ, mo ti ronú nípa iṣẹ́, mo ti ronú nípa òórùn. Èyí kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Mo rọra sọ pé, "Wọn kì í jẹ irú ẹ̀, Ìyá."

"Ta ló bi ẹ́ bóyá wọ́n ń jẹ ẹ́? Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀ yẹn? Èmi kọ́!"

Ohùn rẹ̀ kún gbogbo gáráàjì. Hẹ́nrí béèrè ohun tó ń wí, Bọ̀dá Ṣínà sì sọ fún un, ó ń wolẹ̀. Mo yan èyí tó sanra jù, mo fi bébà dì wọ́n, ọ̀kan fún Hẹ́nrí, ọ̀kan fún obìnrin náà, mo sì fún Bọ̀dá Ṣínà ní tirẹ̀. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ láìmọ̀. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ju ọwọ́ sí ìyá mi nínú fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. Hẹ́nrí náà gbà á. Ìyá mi kí wọn, ó súre fún wọn, wọ́n ní àmín lẹ́yìn Bọ̀dá Ṣínà. Mo gbé wáyà kúrò, àwọn ẹ̀rọ tutù, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo padà sílé pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú, pé bóyá ẹja náà tiẹ̀ ló máa bá mi gba iṣẹ́.

Hẹ́nrí kò pè mí. Bọ̀dá Ṣínà ló pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Ó kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà mi, ó tún béèrè ti ìyá mi, mo sì ti mọ̀. Ó ní, "Wọ́n ní kó o wá gbé ẹ̀rọ rẹ. Kọ́kọ́rọ́ náà, kó o fi sábẹ́ ẹní ẹnu ọ̀nà. Má bínú, àbúrò. Èmi náà bẹ̀ wọ́n."

Ẹnikẹ́ni kò jáde sí mi nígbà tí mo débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí kọ́tìnnì tó mì. Mo gbé ẹ̀rọ náà sí àyà. Agbọ̀n ìdọ̀tí wà létí géètì, ìdérí rẹ̀ kò pa dé. Bébà tí mo fi di ẹja ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀, nítorí èmi ni mo ká etí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti Hẹ́nrí àti ti obìnrin náà, méjèèjì ló wà níbẹ̀. Wọn kò tú u rárá. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn bí olè, mo kó wọn sínú àpò kóòtù mi.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ìyá mi pè. Mo ti dáná, mo ti jókòó ti oúnjẹ, mo gbé fóònù sétí, mi ò jẹ́ kó rí ojú mi.

"Ọma mi, àwọn ọ̀gá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n jẹ ẹja náà?"

"Wọ́n jẹ ẹ́, Ìyá."

"Ó dùn mọ́ wọn?"

"Ó dùn mọ́ wọn gan-an. Wọ́n ní kí n máa kí yín."

"Ẹ gbọ́ o!" Ó ti yí sí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ gbọ́, àwọn òyìnbó jẹ ẹja ọwọ́ ọma mi!" Mo gbọ́ bí wọ́n ti ń hó, mo gbọ́ ẹnì kan tó ń pàtẹ́wọ́. Ó tún padà sórí fóònù, ó ń mí gúlegúle. "Orí ńkọ́? Ṣé wọ́n jẹ orí rẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n jẹ orí rẹ̀ náà, Ìyá." Orí ẹja méjèèjì sì wà nínú abọ́ níwájú mi, mi ò tíì lè fọwọ́ kàn wọ́n.